Bí Mo Ṣe Torí Ìṣirò Febi Pa Àna Mi

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí omi Awóyè tú àṣírí ikùn mi lójú ìyàwó mi, lójú ìyá ìyàwó mi, àti lójú nọ́ọ̀sì kan tí n kò mọ̀ rí. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ṣọ́ọ̀kì á dúró lọ́wọ́ mi, màá kọ́kọ́ fi ara mi rẹ́rìn-ín tán kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ náà rò pé orí tíṣà wọn ti fẹ́ dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ara mi, kí ẹ má bàa sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Tíṣà ìṣirò ni mí ní Mahintẹ́dó níbí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí a ti ń gbé lórí omi. Ọrùn mi tín-ín-rín, apá mi tín-ín-rín, ẹsẹ̀ mi ò sì yàtọ̀ sí ti lékeléke. Àárín ni ọ̀rọ̀ wà. Ikùn kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fi bùbá ńlá bò, tí mo sì máa ń pè ní ikùn àlàáfíà. Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ni n kò ti fa àwọ̀n mọ́. Àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ gan-an, ọwọ́ mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi, iwájú pátápátá ni mò ń jókòó sí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, dírẹ́bà ọkọ̀ ló ń pín ìjókòó: ẹni tó bá wúwo á lọ sí àárín kí ọkọ̀ má bàa fì, ẹni tó bá fúyẹ́ á lọ síwájú. Èmi kì í dúró de dírẹ́bà. "Èmi fúyẹ́," ni mo máa ń wí, màá sì ti jókòó.

Oríyọmí ni àbúrò ìyàwó mi. Láti kékeré ló ti ń fa àwọ̀n. Ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká, àyà rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ sì ki tó òpó tó gbé ilé wa dúró lórí omi. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí ọkùnrin méjì máa ń gbé, òun nìkan á gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹja ò yọjú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bàbá Fúnmikẹ́, ọmọbìnrin tí Oríyọmí fẹ́ fi ṣaya, sì ti là á mọ́lẹ̀ pé tí kò bá sí iṣẹ́ olówó oṣù kó tó di Kérésì, kí ó gbàgbé ọmọ òun. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ kó òṣìṣẹ́ lọ sójú òkun ń wá dírẹ́bà, inú gbogbo ilé dùn. Oríyọmí gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ ọ́, kí n má baà ṣe àṣìṣe."

Ó yẹ kí n kọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n àpótí kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n kọ BMI sí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ọ̀rọ̀ ìṣirò kò sì gbọ́dọ̀ kọjá lára mi. Mo mọ̀ ọ́n: èèyàn á fi gíga ara rẹ̀ ní mítà pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, á tún fi gíga náà pín èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ó bá tó ọgbọ̀n, ẹni náà ti sanra kọjá ààlà. Mo mú Oríyọmí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré wa, níbi tí sikélì wà. Kílò méjìléláàádọ́rùn-ún! Mo wọn gíga rẹ̀, mo pín in, mo tún un pín. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ṣẹ́kù. Mo wá gun sikélì náà fúnra mi: méjìlélógún àti ṣẹ́kù. N kò lè pa ẹ̀rín mi mọ́ra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kéde èsì lójú gbogbo ilé.

"Oríyọmí, o ti sanra jù. Wọn ò ní gbà ọ́ báyìí."

Màmá, ìyá ìyàwó mi, tó ń yan edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbójú sókè. "Sanra kẹ̀? Níbo ló gbé ọ̀rá náà sí?"

"Màmá, ìṣirò ni, ìṣirò kì í sì í parọ́. Èmi pàápàá wọn ara mi. Ara tèmi dá ṣáká."

Ìyàwó mi wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ó tún wo ojú mi. "Bàbá Tọ́pẹ́, ṣé ikùn yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń ṣírò?"

Mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìwé. Ẹ má tíì bú mi o, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Mo sọ ara mi di kóòṣì. Mo fòfin de púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ràn jù níbí, fún Oríyọmí. Mo ní kí ó máa mu ògì tó ṣàn láàárọ̀ láìsí ṣúgà, kí ó máa jẹ kùkúńbà lọ́sàn-án, kí ó sì máa gbàdúrà lálẹ́. Màmá ò gbà. Lójoojúmọ́ ló ń gbé àwo púpurú àti ọbẹ̀ ẹja ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, lójoojúmọ́ ni mo sì ń dá àwo náà lọ́nà. Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, nítorí náà èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Oríyọmí á jókòó síwájú mi, á máa ka òkèlè mi bí mo ṣe ń gbé e mì. "Fara dà á, àbúrò mi," ni màá wí, màá sì bu ẹja sẹ́nu. "Ìyà ló ń ṣáájú ayọ̀."

Mo tún ní kí ó máa sáré. Níbo lèèyàn ti ń sáré ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé? Orí afárá náà ni. Mo wọ suẹ́tà méjì fún un nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Pákó ń dún gbì, gbì, gbì. Ìyá kan tó ń sá ẹja rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń sáré bọ̀, tí òógùn bò ó, tí èmi sì ń sá tẹ̀lé e tí mò ń pariwo pé "Yára! Yára!" Ìyá náà ju agbọ̀n sílẹ̀. "Iná o! Iná ń jó o!" Kí a tó dé òpin afárá, ìdajì àdúgbò ti kó ọmọ àti ẹrù wọnú ọkọ̀, bàbá àgbà kan sì ti bẹ́ sómi tòun ti rédíò rẹ̀. Èébú tí mo gbà lọ́jọ́ náà tó mi í jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Rédíò náà ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, mo mú un padà sórí sikélì. Ó ti fi kílò mẹ́rin jò. Mo pín in, mo tún un pín. Ọgbọ̀n àti ṣẹ́kù! Lẹ́yìn gbogbo kùkúńbà yẹn! Jìnnìjìnnì bò mí. Mo mú bírò, mo ní kí n fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré kún gíga rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Oríyọmí di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, rárá. Tí wọ́n bá máa kọ̀ mí, kí wọ́n kọ̀ mí bí mo ṣe rí."

Ojú tì mí, mo fi bírò sílẹ̀. Ọwọ́ tó fi di tèmi mú ń gbọ̀n díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ebi ni.

Èbúté kan ní Awóyè ni ilé iṣẹ́ náà pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò. Èmi, Oríyọmí, ìyàwó mi àti Màmá la jọ lọ. Màmá gbé agbọ̀n kan lé ẹsẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó ní ohun àdúrà ni. Kí dírẹ́bà tó la ẹnu, mo ti pàṣẹ: "Oríyọmí, àárín! Ìwọ lo wúwo." Èmi bọ́ síwájú. Imú ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, dírẹ́bà wò mí, àmọ́ ó fi mí sílẹ̀ torí pé èmi ni tíṣà ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ náà, obìnrin kúkurú kan tó wọ gíláàsì, wọn Oríyọmí lórí èbúté, ó ṣírò, ó ní, "Ọgbọ̀n." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá téèpù tí wọ́n fi ń wọn ara nínú báàgì rẹ̀ ni mo bẹ́ síwájú.

"Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ ọ́! Mo ti ń bá a ṣe é, ó ń jò! Ẹ wo èmi, méjìlélógún péré ni mí, bí màá ṣe sọ òun náà dà nìyí!"

Kí ó lè rí mi dáadáa, mo na apá méjèèjì, mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, mo wá fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Èbúté tán lẹ́yìn mi. Jàbú!

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni mo ti lúwẹ̀ẹ́ gbẹ̀yìn? Mo múra láti bá omi jà. Ìjà ò sí. Omi kàn gbé mi sókè, ó tẹ́ mi sí ẹ̀yìn, ikùn mi sì yọ síta láàárín bùbá tó ti wú. N kò gbé ọwọ́, n kò gbé ẹsẹ̀, mò ń léfòó bí igbá. Omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ́nà òkun.

Oríyọmí ti bẹ́ sómi. Ó gbá ọrùn bùbá mi mú, ó ń fà mí bọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èbúté ti rí ohun tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Bí Oríyọmí bá dá ẹsẹ̀ dúró kí ó lè mí, omi á mù ún dé imú. Àfi kí ó tún ta ẹsẹ̀ kíkankíkan kí orí rẹ̀ tó yọ. Èmi tí ó ń gbà là, mo sùn gbalaja.

"Ẹ wò ó," ni Màmá wí láti òkè, ohùn rẹ̀ ò sì kéré. "Nínú ìkòkò ọbẹ̀, èwo ló ń léfòó? Ṣé ẹran ni àbí ọ̀rá?"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì, ó ń nu ojú. "Màmá, ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi tán!"

Nígbà tí wọ́n fà mí gòkè, ó rọra ṣàlàyé fún mi, bí èmi náà ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ tó gba òdo. "Tíṣà, sikélì ò lè ya ẹran ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá. Kílò ni kílò lójú tirẹ̀. Ìṣirò yẹn dára láti fi bẹ̀rẹ̀, kò tó láti fi parí." Ó fi téèpù yí ikùn Oríyọmí ká, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá yíjú sí mi. Mo ní kò pọn dandan. Ìyàwó mi ní ó pọn dandan. Téèpù fi ìbú ọwọ́ kan gùn lára mi ju ti Oríyọmí lọ. Nọ́ọ̀sì tún fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan dì mú, èyí tó ń sọ bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lára èèyàn. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti Oríyọmí.

"Ara tó dá ṣáká," ni ìyàwó mi wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ara Oríyọmí yá fún iṣẹ́. Mo rò pé wàhálà ti tán. Àfi bí ọ̀gá àwọn dírẹ́bà ṣe nawọ́ sí ẹ́ńjìnì kan nílẹ̀. "Gbé e lọ sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn." Irú èyí tí Oríyọmí máa ń gbé bí ìrọ̀rí ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e dé orúnkún, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Orúnkún náà ló dé. Ọ̀gá náà mú bírò láti fa ìlà lé orúkọ rẹ̀.

Oríyọmí ò wò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Mo rí Fúnmikẹ́ lọ́kàn mi tó ń lọ sílé ọkọ mìíràn nítorí kùkúńbà tèmi. Mo wọ́ bùbá tútù mi bọ́ síwájú ọ̀gá náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀bi mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi febi pa á. Mo ní ó sanra. Oúnjẹ rẹ̀ . . . èmi ni mo ń jẹ ẹ́."

Ọ̀gá náà wo Oríyọmí, ó wo ikùn mi tí bùbá tútù ti lẹ̀ mọ́, kò sì bèèrè ẹ̀rí. "Mò ń lọ jẹun ọ̀sán," ni ó wí. "Kí òun náà jẹ tirẹ̀. Tí mo bá dé, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Màmá ṣí agbọ̀n rẹ̀. Púpurú ni, àti ọbẹ̀ ẹja, àti edé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan. "Ohun àdúrà nìyẹn," ni ó wí. Oríyọmí jẹun láìgbé orí sókè. Ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ mí, n kò sì bèèrè. Nígbà tí ọ̀gá padà dé, Oríyọmí nu ọwọ́, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó gbé ẹ́ńjìnì náà: orúnkún, ìbàdí, èjìká! Ó gbé e títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi figbe ayọ̀ ta. Èmi sunkún, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí Oríyọmí ti ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà. Fúnmikẹ́ ti wà nílé Oríyọmí. Nọ́ọ̀sì ní kí n dín òkèlè kù, kí n máa lo ara, kí n sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ìyàwó mi mú okùn àwọ̀n kan, ó ta á ní kókó níbi tí ikùn mi dé lọ́jọ́ náà, gbogbo Sátidé ló sì ń fi í yí mi ká lójú àwọn ọmọ. Mo ti padà sídìí àwọ̀n, ikùn náà sì ti ń jìnnà sí kókó díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìṣirò kì í parọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi kún un pé ohun tí èèyàn bá bi í nìkan ló ń dáhùn, àti pé èmi ni mo ka ìdáhùn rẹ̀ kọjá ohun tó sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ lọ sí Òde Mahin, Oríyọmí tó wá lo ìsinmi nílé ló sì ń wa ọkọ̀. Bí ìṣe mi, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó rọra di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ tirẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "àárín ni tiyín."

Mo wo inú ọkọ̀. Gbogbo èrò ti sún, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ dè mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ jókòó sí àárín, ọkọ̀ náà ò sì fì.