Ìwé Aláwọ Pupa Qasim

Bí Qasim bá jẹ búrẹ́dì lásán láàárọ̀, kó tó dé ilé-ìwé, búrẹ́dì ti di ìrẹsì ẹlẹ́ran. Kì í ṣe pé ó dìídì fẹ́ purọ́ o. Ẹnu rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ á wá máa sáré tẹ̀ lé e. Àdúgbò Basin ló ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò ní gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni nígbà tó parí Àlùkùránì tó sì ṣe wólímọ̀, àti pé láwàní tí wọ́n wé fún un lọ́jọ́ náà ga ju òun alára lọ.

Ní tọ́ọ̀mù tí mò ń wí yìí, ìwé ìtàn òyìnbó kan ni kíláàsì wọn ń kà nínú Lítíréṣọ̀. Ìwé àtijọ́ ni, ìtàn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá: àwọn ọmọ olówó tó ń gbé òkè afárá, àti àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù tó ń gbé ìsàlẹ̀ afárá. Ìyáàfin Olúyẹmí, olùkọ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, sọ fún wọn pé ẹni tó bá gbé ipò kìíní nínú ìdánwò ìwé náà ni yóò lọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò Qasim ti gbọ́ pé kí wọ́n ra bátìrì sílẹ̀, ó ń bọ̀ lórí rédíò.

Ìwé ọ̀hún ò sí lọ́jà mọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ ni wọ́n ń gbà lọ ṣe fótókópì ní Táíwò Road. Ẹni tó ń ṣe é fún wọn fi pínnì kan orí kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀, ó di ìdì méjìlá, ẹ̀rọ rẹ̀ sì gé òkè ojú ìwé lọ, tí nọ́ńbà àti àkọlé fi bá a lọ. Àwọn ọmọ yòókù fi okùn so tiwọn, ó parí. Qasim ní irú òun kọ́ ló ń fi okùn so ìwé.

Ó gbé tirẹ̀ lọ bá Alfa Láwàl lẹ́gbẹ̀ẹ́ Post Office, ẹni tó ń fi awọ pupa di ìwé kéwú. Kò tíì jókòó tó fi ròyìn wólímọ̀ rẹ̀ fún Alfa. Alfa bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kí òun di ìwé náà.

"Ẹ bá mi dì í bí ẹ ṣe ń di Àlùkùránì. Ẹ má jẹ́ kó yàtọ̀ rárá."

"Bí Àlùkùránì gẹ́lẹ́?"

"Gẹ́lẹ́, Alfa."

Alfa ò mọ ABC òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó ti yé òun.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ó dára dójú àmì. Qasim ṣí i, ojú ìwé àkọ́kọ́ tó sì bá pàdé, ìsìnkú ni. Wọ́n ń sin ọmọ mẹ̀kúnnù kan tó ń jẹ́ Rọ́bìn, ẹgbẹ́ méjèèjì dúró létí sàréè, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń búra pé àwọn ò ní jà mọ́. Nínú ìdì kejì, Rọ́bìn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Nínú ìdì kẹta, Rọ́bìn bẹ́ sódò láti yọ ọmọ olówó kan tó ń rì. Orí Qasim dà rú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó bi ẹlòmíì léèrè? Ó kúkú pinnu pé Rọ́bìn ti jí dìde. Ó ka ìdì kan sí i, ó pa ìwé dé, ó sì sọ ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì pé òun ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì.

Àfi bí Ìyáàfin Olúyẹmí ṣe rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan, tó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Kíláàsì ò ní olùkọ́, Qasim bá mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni ẹgbẹ́ méjèèjì níbẹ̀rẹ̀, pé ṣe ni wọ́n kánjú sin Rọ́bìn, pé dókítà ló tún un ṣe tó fi lágbára àtibẹ́ sódò. Àwọn ọmọ tí kò tíì ka ìwé tiwọn, ìyẹn gbogbo wọn tán, ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Asabe nìkan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tó ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ló nawọ́. Ó ní òun ti ka tòun dé ìdajì, Rọ́bìn ò tíì dé ibi odò kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti sàréè.

"Asabe, okùn ni wọ́n fi so tìẹ," Qasim dá a lóhùn. "Awọ ni wọ́n fi di tèmi."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Asabe sì jókòó.

Olùkọ́ dé, wọ́n ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ tó máa dá ìwé ìdánwò padà, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé tábìlì.

"Ogójì nínú yín ló ní Rọ́bìn jí dìde. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìsìnkú. Ṣé Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ yín ni, àbí Bíbélì?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Qasim lẹ́ẹ̀kan náà. Qasim dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé òun, ó sì gbé e lọ síwájú. Ìyáàfin Olúyẹmí ṣí i, ó tún ṣí i, ni ẹ̀rín bá mú un títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀. Orí kejìlá ló wà níwájú, orí kìíní ló wà lẹ́yìn pátápátá.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mà," ni Qasim yára wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ka tiwọn ni."

Olùkọ́ ṣí i dé ìdì tó kẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù Alfa ṣì lẹ ojú ìwé ibẹ̀ pọ̀ gbagidi, ọwọ́ ọmọ aráyé kankan ò tíì kàn án. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Orí kìíní rèé, Qasim. Èwo lo wá kà lẹ́ẹ̀mejì?"

Rédíò di ti Asabe. Ó dun Qasim wọnú eegun, nítorí àwọn ará àdúgbò ti ra bátìrì.

Ìbínú ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Alfa Láwàl lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Níwájú àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀, ó ní Alfa ti bà á lórúkọ jẹ́, pé ẹ̀yìn ìwé ló sọ di iwájú. Alfa ò jà. Ó gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sí itan, ó ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣí ìwé kéwú láti kékeré, ó fi èékánná la gọ́ọ̀mù náà, orí kìíní sì yọjú.

"Iwájú rèé. Bí Àlùkùránì gẹ́lẹ́ lo wí." Alfa wá gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. "Àbí ìwọ kọ́ lo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo ṣe wólímọ̀? Ọwọ́ wo lo ti ń ṣí Àlùkùránì tìẹ, ọmọ mi?"