Kùrukùru Inú Tẹlifíṣàn Charles

Wọ́n ní géèmù tuntun tí Charles kó dé ń kó òtútù wọ èèyàn lára. Wọ́n ní ọ̀dọ́kùnrin kan láti Kétu jókòó síwájú rẹ̀ fún wákàtí kan péré, ó sì jáde tòun ti ikọ́, torí pé kùrukùru tó wà nínú géèmù náà ti wọ̀ ọ́ láyà. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá parí, mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì tó kù, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Charles hàn yín. Charles ọkọ Edith. Charles Àràbà Mende, igi ńlá tí kò níbòòji. Charles A-ra-tuntun-má-tú-u. Ohunkóhun tí ọkùnrin yìí bá rà, kì í tú láílọ́ọ̀nù ara rẹ̀. Àga inú mọ́tò rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù láti ọdún mẹ́rin. Bó bá jókòó sí i, yóò máa dún bí ẹni tó jókòó lé èèpo ẹ̀pà. Rìmóòtù rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù. Fíríìjì rẹ̀ ṣì wọ aṣọ tó wọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́.

Edith, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí ooru mú, itan òun lẹ̀ mọ́ àga pálọ̀. Charles ní kó rọra dìde, kí láílọ́ọ̀nù má baà ya. Kò bi í léèrè itan.

Ìdí tó fi ń ṣe é kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé tuntun ni. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa pé, “Ọjọ́ tí ẹ bá tú u ló di ti àná.”

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀gá wa yìí wọ iṣẹ́ géèmù. Géèmù kan wà, ti eré mọ́tò, tí gbogbo ọ̀dọ́ Ìkòsí ń pè ní Kọ́nà, nítorí pé títì inú rẹ̀ kò mọ̀ ju kó máa yí lọ. Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ mi gbá a kí irùngbọ̀n tó hù wọ́n. Wọ́n wá ṣe rìmásítà rẹ̀. Mo bi ọmọ mi, Ìlérí, pé kí ló ń jẹ́ rìmásítà, ó ní wọ́n gbé géèmù àtijọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un kùn, wọ́n sì tún tà á fún ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀. Mo ní ó yé mi. Bí ìgbà tí a bá tún àdìrẹ àtijọ́ pa láró ni.

Charles ra rìmásítà, ó ra tẹlifíṣàn ńlá tì í, ó gbé wọn sí ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Mende. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ wá wọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, níbi tí èrò tó ń lọ Mile 12 ti ń rọ́ kọjá láti àárọ̀.

Rahmon ló wà nínú yàrá náà. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń ṣí ilé géèmù níbẹ̀, Kọ́nà àtijọ́ ló sì ń gbé e ró. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ lòun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ iléèwé kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí aago bá sì ti di méje alẹ́, yóò pa iná.

Charles kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́. Ó ní géèmù àtijọ́ ń ba ojú ọmọ jẹ́. Ó ní òun yóò san ìlọ́po méjì owó ilé, kí a ṣáà lé Rahmon kí oṣù tó parí. Àwọn kan nínú wa ti ń fi ẹnu pọ́n ìlọ́po méjì yẹn lá. Àmọ́ Alhaja Sẹ̀kínátù, alága wa, ọmọ onílẹ̀, ní òun kì í fi ẹnu lásán ra ẹja inú odò. Ó ní kí àwọn méjèèjì gbé géèmù wọn wá ní Sátidé, ká fi ojú wa wò ó. Èyí tó bá dára jù, ẹni tó ni ín ni yóò gba yàrá.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a gbálẹ̀ àdúgbò tán, a pé sí gbọ̀ngàn. Mo gbàdúrà, Alhaja náà ṣe ti Mùsùlùmí, a jókòó. Tẹlifíṣàn Rahmon wà lósì, ó kéré, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ti fi aṣọ tútù nù ún dáadáa. Ti Charles wà lọ́tùn-ún, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́. Láílọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ sì wà lójú rẹ̀ digbí, pẹ̀lú eruku oṣù mẹ́ta àti òróró ìka àwọn oníbàárà.

Wọ́n tan méjèèjì. Lósì, a rí títì, a rí igi, a rí mọ́tò pupa. Lọ́tùn-ún, a rí ohun kan tó ń rìn nínú èéfín.

Charles dìde. Ó wọ kóòtù. Ó fa irin eríà rédíò kan yọ, ó fi ń tọ́ka bíi tíṣà.

Ó ní, “Ẹ wo òsì. Igi dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó hàn ketekete, kò nítìjú. Ẹ wá wo ọ̀tún. Ṣé ẹ rí igi?”

A ní a ò rí i.

“Ẹ ṣeun. Ohun tí wọ́n ń pè ní rìmásítà nìyẹn. Láyé gidi, ta ló ń rí igi láàárọ̀ kùtù? Kùrukùru ni wọ́n fi kún un. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe kùrukùru yẹn nìkan.”

Baba kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ó ní ikú nìkan ló kù tí òyìnbó ò tíì borí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi náà fa ìborùn mi bo àyà.

Alhaja bi í pé báwo wá ni ẹni tí kò mọ ìwé yóò ṣe dá tuntun mọ̀ yàtọ̀ sí àtijọ́, kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ.

Charles gbé àyà sókè. “Alhaja, ẹ fi eléyìí sọ́kàn. Ibi tí kùrukùru bá wà, tuntun ni. Ibi tí gbogbo nǹkan bá ti mọ́ kedere, ògbólógbòó ni. Kò sí àwíjàre.”

Wọ́n ní kí Rahmon náà sọ tirẹ̀. Rahmon kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ò lè bá rìmásítà du ẹwà, òun gan-an ti ń fẹ́ rí i tipẹ́. Ó ní gbogbo kọ́nà inú ti àtijọ́ lòun mọ̀ bí ẹní mọ ọ̀nà ilé, òun sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tó yẹ kí wọ́n ti rọra sáré. Ó jókòó. Mo wo ojú àwọn onílé, mo rí i pé ìlọ́po méjì ti ń borí.

Ojú Alhaja kò sì ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí kùrukùru olówó iyebíye yìí nítòsí. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣàn ńlá, ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Kò rí nǹkan kan síbẹ̀. Ó wá fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú tẹlifíṣàn náà, bí ìyá ṣe ń nu imú ọmọ. Igun láílọ́ọ̀nù ká sókè.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Charles ti ń sáré bọ̀. “Tuntun ni.”

“Mo mọ̀,” ni Alhaja wí, ó sì fa láílọ́ọ̀nù náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó dún ṣàràràrà.

Kùrukùru pòórá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Koríko dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkun ń tàn lábẹ́ òkè. Omi òjò wà lórí títì, òjìji mọ́tò pupa sì wà nínú omi náà. Ti Rahmon lósì wá dà bí àwòrán tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi ẹ̀fun yà.

Rahmon dìde láìmọ̀ pé òun dìde. Ó sún mọ́ ọn, ó nawọ́ sí ilé kan tó ní òrùlé pupa ní kọ́nà kẹta.

Ó ní, “Ilé yìí, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ọ̀dà lásán ni wọ́n fi yà á. Ẹ wò ó, wọ́n ti ṣí i. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ó ń sá aṣọ.”

A wò ó lóòótọ́. Obìnrin náà gbọn aṣọ funfun kan, ó sá a, ó wọlé padà.

Alhaja yíjú sí Charles. “Charles, ìyàwó ilé yìí ti ń sá aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ láti oṣù mẹ́ta. Ṣé o ti kí i rí?”

Ẹ̀rín bú yẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Charles ò sunkún, kò sì ríran.

Ó kọ́kọ́ ní kùrukùru náà ń bọ̀, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń fi sinmi. A dúró. Kò bọ̀. Ó ní Alhaja ti ba rìmásítà jẹ́. Baba tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé èyí tó bá mọ́ kedere, ògbólógbòó ni, nítorí náà ògbólógbòó ló fẹ́ fi gba yàrá. Charles ní rárá, tuntun ni. Wọ́n ní kùrukùru ńkọ́? Ó ní kùrukùru kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀.

Alhaja jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Géèmù Charles ló dára jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú àpótí ara rẹ̀ ò lè bá wa ṣọ́ ọmọ. Rahmon, má kó ẹrù rẹ. Bí o bá fẹ́ ra tìrẹ lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ á bá ọ dá sí i.”

Rahmon kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ó ṣì ń wo fèrèsé.

Charles ń ká láílọ́ọ̀nù rẹ̀ jọ nílẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń gbọn eruku rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó ní ojú lásán la fi ń wò ó. Ó ní ní Mende, èèyàn ò lè dójú ti òun báyìí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, láílọ́ọ̀nù lábẹ́ abíyá, kó tó yíjú padà, ó gbé ìka sókè sí gbogbo wa.

“Ohun tí ẹ̀yin ò mọ̀ nípa rìmásítà ni pé, tí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé—”

Ó sì jáde.