Opó Ọlọ́kọ̀ àti Ìdajì Irun

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ gbogbo nǹkan láyé yìí, ẹ má wulẹ̀ dààmú, òun ló ń gẹrun fún wa ládùúgbò. Mo-Mọ̀-Ọ́n là ń pè é. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí yóò fi ní, "Mo mọ̀ ọ́n!" Bí ẹ bá ní eyín ń dun ìyá yín, ó mọ eyín ọ̀hún!

Ẹnu yìí náà ló gbé lọ sílé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ tọrọ ọmọ. Ìyá ọmọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé ìtàn kan tó fẹ́ràn bí ẹyinjú sórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni wa ti wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe, kò gbádùn rẹ̀, oorun ló fi parí ẹ̀.

"Ìwé yìí? Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, Mà! Kò dáa rárá!"

"Háà! Ibo ni ò dùn mọ́ ọ nínú ẹ̀?"

"Ibi tí omidan yẹn ti fi mọ́tò fo odò, tó ń yìnbọn!"

Ìyá bọ́ awò ojú. "Omidan wo? Mọ́tò wo? Opó arúgbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn ló wà níbí. Kẹ̀kẹ́ gan-an ò sí nínú ẹ̀!"

"Ẹ̀dà tèmi... tuntun ni, Mà."

Àfẹ́sọ́nà fi ìrọ̀rí bojú. Ìyá ti ìwé sí Mo-Mọ̀-Ọ́n láyà. "Lọ kà á. Bó ò bá kà á tán, má padà wá sọ̀rọ̀ ọmọ mi níbí."

Mo-Mọ̀-Ọ́n ti pinnu pé ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lòun máa kà. Ló bá ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbà mí! Opó yìí kọ̀ jálẹ̀, kò ní gbé ọkùnrin kan sọdá, torí ọkùnrin náà ló bú u lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Òjò ń rọ̀, odò ń kún, ọkùnrin ń bẹ̀bẹ̀! Mo-Mọ̀-Ọ́n rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò mọ ohun tó kàn, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Bàbá kan wọlé wá gẹrun. Mo-Mọ̀-Ọ́n gẹ apá òsì tán, ó ní kóun yọjú sínú ìwé díẹ̀, ló bá jókòó.

"Ọ̀gá, apá ọ̀tún ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá! Omi ti mu ún dé orúnkún!"

"Mu ta ni?"

Ló bá ń kà á sókè. Bàbá gbàgbé orí ara rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn níbẹ̀, àfi fìì, iná lọ! Kò sí kíkà, kò sí gígẹ̀. Bàbá fi fìlà bo ìdajì irun, ó ń kùn lọ sílé.

Mo-Mọ̀-Ọ́n ka ìyókù tán nídìí àbẹ́là. Bílẹ̀ ti mọ́, kò tilẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìyá ìyàwó ló sáré gbà lọ.

"Mà, irọ́ ni mo pa! Fíìmù ni mo wò! Wọ́n ba ìwé yìí jẹ́, Mà! Ìwé yìí dùn!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n jáde láti yàrá, ó ṣí fìlà. Apá òsì ń dán, apá ọ̀tún ṣù! Bàbá onídajì irun ni! Ó ti tán nìyẹn, ìyàwó ti lọ.

"Ìwọ!" ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kó o tó sọ nǹkan kan, ṣé opó yẹn gbé e àbí kò gbé e?"

"Ó gbé e, sà! Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ló tu ọkọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "A fún ọ lọ́mọ."

Inú Mo-Mọ̀-Ọ́n dùn, ẹnu tún ń yún un. "Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n parí orí yín, sà! Kò sẹ́ni tó mọ irun gẹ̀ bíi tèmi!"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Onígbàjámọ̀ mìíràn ni mo ń lọ bá báyìí."