Bí Mo Ṣe Fi Kẹ́mísírì Dájọ́ Ìyá Kúdí

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, ní Ìlódè. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: èmi, Bàbá Onílé, àti Ìyá Kúdí, opó tó ń ta ògì níwájú ilé wa. Ìgbà náà ni àwọn ará yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ìlú.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í gba nǹkan ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ìbẹ̀rù májèlé. Ìyá Kúdí sì máa ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí ló fẹ́? Àbúrò rẹ̀ ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ní Modákẹ́kẹ́, iṣẹ́ tó jẹ́ ti ásíìdì.

Àgbà ni mo dà kí n tó lọ sílé ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tíṣà kíláàsì àgbà fún wa ní bébà tó ń yí àwọ̀ padà nínú omi, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Eéje ni omi tó mọ́. Bí nọ́ńbà bá fi oókan wálẹ̀, ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Mo délé, mo bá ìkòkò Ìyá Kúdí kan lẹ́nu ọ̀nà mi, omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀fìnkìn dí mi nímú, n kò gbóòórùn. Mo ti bébà bọ̀ ọ́: ẹẹ́rin! Mo jókòó, mo ṣírò áyọ́ọ̀nù háídírójìn inú rẹ̀, èròjà tó ń sọ omi di ásíìdì. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Ó fi ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ti omi tó mọ́ lọ.

Mo pe àwọn méjèèjì, mo ní obìnrin yìí fẹ́ fi ásíìdì pa mí. Bàbá Onílé ní kí n rọra. Mo ní ìṣirò kì í purọ́.

Ìyá Kúdí kò bínú. Ó gbé ìkòkò náà, ó mu ún, ó nu ẹnu.

"Omikan orí ògì ni. Mo gbé e wá kẹ́ ẹ lè fi rẹ àgbo fún ọ̀fìnkìn yín. Bàbá Fẹ́mi, gbogbo ìṣirò yìí, ẹ ò lè tọ́ ọ wò?"

"Kó tó tọ́ ọ wò," ni Bàbá Onílé wí, "á kọ́kọ́ ṣírò ahọ́n ara rẹ̀."

Ṣùgbọ́n "ásíìdì" ti dé etí àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ògì sì ni opó yìí fi ń tọ́ ọmọ. Ìgbà náà ni ojú tì mí dọ́kàn. Ìṣirò mi pé. Ìfura ni mo fi túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àpótí mi síwájú igbá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Mo mu ún lójú gbogbo èrò ọ̀nà, mo tún gba òmíràn, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ti ń wò mí láti òdìkejì ní, "Kò mà tíì kú," ó sì wá ra tirẹ̀. Ìyá Kúdí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, níwọ̀n bí ikùn tó ti wú ṣe lè gbà mí láyè.