Ọ̀ràn Ọwọ́ Márùn-ún ní Ìdóṣùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín nílé ìwé pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ ẹni tó ṣe àlàyé yẹn kò sí ní Ìdóṣùn lọ́jọ́ tí òwe náà bẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi bèèrè.

Obìnrin kan wà ní Ìdóṣùn tó ń jẹ́ Ìbídàpọ̀. Amòfin ni, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jókòó ti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ìgbìmọ̀ ọjà, ìgbìmọ̀ omi, ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú, kó máa sọ ohun tí òfin gbà àti èyí tí kò gbà fún wọn. Iṣẹ́ náà dùn ún gbọ́ létí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìsọmọlórúkọ, kó máa sọ fún àwọn àgbà pé oúnjẹ kò tíì jinná. Lọ́yà ni gbogbo ìlú ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, "Òfin-kò-gbà" lorúkọ rẹ̀.

Èyí tó le jù nínú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ni Ìgbìmọ̀ Afárá, tó ń bójú tó afárá, ọ̀nà àti ibùdókọ̀. Ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sókè nínú yàrá ìpàdé kí ọ̀rọ̀ kan tó di ìpinnu. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn mẹ́rin péré ló nawọ́ tí wọ́n fi kọ́ ibùdókọ̀ tuntun. Ìlú Òkèjà tó múlé tì wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́, adájọ́ sì ní kí wọ́n wó o. Wọ́n wó o lóòótọ́. Amòfin tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan dúró níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé. Irin àti pákó afárá ló kún inú rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀gá kan tẹ̀lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i kí aago méjì ọ̀sán tó lù, kí wọ́n já ẹrù. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, Òkèjà ló kàn. Àwọn ará Òkèjà kò sì kóyán ọ̀rọ̀ náà kéré. Wọ́n ti rán akọ̀wé ìlú wọn wá, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí ká Ìbídàpọ̀ lára. Òdìkejì odò ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé, orí ìtì igi àgbọn kan ló sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́, bàtà lọ́wọ́, báàgì lórí. Bí òjò bá ti ṣú, ọkàn Ìbídàpọ̀ kì í balẹ̀ títí ìyá náà yóò fi wọlé. Ó fẹ́ afárá yìí ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbà á lọ́nà ẹ̀bùrú, ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn yóò ti dé kóòtù kó tó jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán.

Aago méjìlá ni Ìbídàpọ̀ wọlé ìpàdé. Ènìyàn mẹ́rin ló bá: Alága, Olóyè Ọ̀jẹ́wálé; Àlájì Mùráínà; Màmá Bíọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì; àti Tíṣà Àyándélé, tí kì í sọ̀rọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ọ̀kan ti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, ọ̀kan ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀kẹta, Bàbá Fágbohùn, kò tíì yọjú.

Alága ní kí wọ́n ka olóògbé mọ́ wọn, nítorí kò sígbà kan láyé rẹ̀ tó lòdì sí afárá. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, kó má baà dà bí àfojúdi, ó ní òfin kò gbà. Alága wo ọwọ́ gbogbo wọn.

"Lọ́yà, ọwọ́ márùn-ún lo ní òfin ń fẹ́," ó ní. "Kà wá wò. Àwa mẹ́rin, ọwọ́ mẹ́jọ. A tilẹ̀ lé."

Àlájì ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìbídàpọ̀ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ wọ́n kalẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Fágbohùn, èsì tó padà wá kò sì dára. Lánàá ni bàbá náà ń fi bí wọ́n ṣe ń jó nígbà èwe rẹ̀ han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló bá ṣubú, ó dá lápá. Ó wà nílé ọkùnrin kan tó ń to egungun. Ìbídàpọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bàbá ṣe tán láti wá, àmọ́ ọkùnrin náà ní aláìsàn òun kò gbọdọ̀ rìn, kí apá má baà mì. Bárò ni wọ́n wá fi gbé e, ó sì mì nínú rẹ̀ ju bí ì bá ti mì lọ ká ní ó sáré. Ìbídàpọ̀ wà níwájú, ó ń lé ewúrẹ́ lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n dé, Àlájì ti lọ kírun. Mẹ́rin tún ni wọ́n. Àlájì padà dé, Màmá Bíọ́lá ti sáré lọ sọ ẹ̀wà kalẹ̀ lórí iná. Bí màmá náà ṣe wọlé báyìí ni Ìbídàpọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga tì í, ó jókòó lé e. Wọ́n pé márùn-ún. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Alága bèèrè ẹni tó fara mọ́ afárá. Ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè. Bàbá Fágbohùn kò lè na tiẹ̀, nítorí wọ́n ti fi ọ̀já di apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n sì gbá ìka rẹ̀ márààrùn-ún jọ, wọ́n dì wọ́n pọ̀. Ó wo apá náà, ó wo Alága, ó wá fi inú kan na ọwọ́ òsì síwájú Alága.

Ní Ìdóṣùn, ẹni tó bá na ọwọ́ òsì sí olóyè ti bú u láìlanu.

"Fágbohùn, èmi lo na ọwọ́ òsì sí?"

Alága dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Bó bá sì jáde, wọ́n tún di mẹ́rin nìyẹn. Ìbídàpọ̀ wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì yẹn, òfin pàápàá kò gbà á."

Ọ̀rọ̀ yìí tu Alága nínú. Ó jókòó padà, ó ní òfin náà ní ẹ̀kọ́ ilé.

Níta, dírẹ́bà ti ṣíná ọkọ̀. Ìbídàpọ̀ sáré ṣí ìwé òfin. Ó wá sí i lọ́kàn pé kí òun kàn dákẹ́, kí wọ́n kọ márùn-ún sílẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n akọ̀wé Òkèjà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wà lójú fèrèsé. Ìbídàpọ̀ ń ka ìwé náà lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹsàn-án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí kò bá sẹ́ni tó takò ó, ìgbìmọ̀ lè fi àmì mìíràn dípò nínawọ́, kìkì pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọn yóò fi ṣe é, àmì kan náà ni gbogbo wọn yóò sì lò.

Ó gbójú sókè, ó wo ibi tí wọ́n di apá Bàbá Fágbohùn mọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó sọ̀yà."

Kò sẹ́ni tó takò. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, akọ̀wé náà sì bá a wọlé. Alága kọ́kọ́ fi ìka kan ṣoṣo kan àyà rẹ̀, bó ṣe yẹ olóyè. Akọ̀wé ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, bóyá àyà ló ń yún bàbá. Inú bí Alága. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sọ̀yà, gbì! Àlájì, gbì! Màmá Bíọ́lá, gbì! Tíṣà Àyándélé tó ti ń dákẹ́ láti àárọ̀ sọ tiẹ̀ títí ó fi wúkọ́. Gbogbo ojú wá yí sí Bàbá Fágbohùn. Òun nìkan ni wọ́n ti bá gbá ìka jọ láti àná. Ó mí kanlẹ̀, ó fi ìdì ìka náà sọ̀yà, gbì!

"Yéè! Mo gbà o! Ẹ gbà mí!"

Akọ̀wé ní ìrora ló ń ké, kì í ṣe ìbò. Ìbídàpọ̀ dá a lóhùn pé ọwọ́ ni òfin bèèrè, kò bèèrè ẹnu. Ó kọ márùn-ún sílẹ̀, aago méjì sì lù. Wọ́n já ẹrù. Ìbídàpọ̀ jókòó sórí pákó àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀, ó sunkún ayọ̀, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ rò pé Òkèjà gbà? Wọ́n lọ sí kóòtù. Adájọ́ ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe dìbò náà han òun. Kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́, ló bá fi ìka kan lu àyà ara rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ìka méjì, kò tún dún. Ó wá di gbogbo ìka pọ̀, ó gbá a, akọ̀wé kóòtù tó ń tòògbé jí. Adájọ́ mú gègé, ìlà kan ṣoṣo tó di òwe títí dòní ló fi dá ẹjọ́ náà, afárá sì dúró.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó fi ìka kan ṣoṣo lu àyà rẹ̀, ká gbọ́ bí yóò ṣe dún. Ẹ̀yin náà rí i: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.