Àwòmálèlọ àti Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí ìgbéraga bá jẹ́ aṣọ ni, ooru ìbá ti pa ọ̀gá wa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Àwòmálèlọ, ó ní ẹni tó bá ti fojú kan òun, ojú onítọ̀hún ò ní í lè wo nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Èmi kọ́ ni mo bí i, iṣẹ́ ló pa wá pọ̀.

Fíìmù tí wọ́n ń fi awò ojú wò là ń ṣe. Wọn á de awò ńlá kan mọ́ ọ lójú, wàá sì bá ara rẹ nínú fíìmù ọ̀hún gan-an. Bó o bá yí ọrùn, o rí ẹ̀gbẹ́. Bó o bá wẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ká tó ya ohunkóhun, èmi ni mo máa ń ya ètò rẹ̀ sórí bébà róbótó: òǹwòran á wà láàárín, gbogbo ohun tó máa rí á sì yí i ká.

Mátírọ́nù ilé ìwòsàn kan ló gbéṣẹ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ fíìmù tí yóò fi ọkàn àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ balẹ̀, kí wọ́n ti mọ inú yàrá náà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Àwa mẹ́rin là ń jẹun nídìí iṣẹ́ fíìmù yìí, bí iṣẹ́ yìí bá sì bọ́, oníkálukú á gbalé ẹ̀ lọ.

Àwòmálèlọ já bébà gbà lọ́wọ́ mi. Níwájú, ó kọ "Èmi." Lọ́tùn-ún, "Ọwọ́ mi." Lósì, "Òjìji mi." Ẹ̀yìn, ó fagi lé e, ó ní kò sẹ́ni tó máa wẹ̀yìn. Òun náà ló máa ṣe dókítà. Mo fi bírò pupa sàmì síbi tí obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí létí àga lẹ́yìn, ìdajì lórí àga, ìdajì lófuurufú. Mo ní ká gbé e kúrò.

"Ìwọ ayàwòrán yìí," ló wí, "ta ni yóò máa wo bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí mo wà?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá fi omi sẹ́yìn ń kọ́? Yóò kàn tẹ́ ni. Ó wọ kóòtù dókítà, ó sì fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, Mátírọ́nù kó aláìsàn mẹ́fà wá. Ibi tí ojú òǹwòran bá bà sí, ẹ̀rọ wa á fi àmì pupa síbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wa fọwọ́ sọ̀yà: "Mà, bí ojú ẹnì kan bá kúrò lára mi, ẹ gba iṣẹ́ yín." Inú bí mi. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin lọkùnrin yìí fi ń ta tẹ́tẹ́!

Wọ́n wò ó tán. Iwájú mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ kó ara jọ sí, sára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tiẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá a mú. Mátírọ́nù bi í pé báwo ni dókítà ti rí sí i.

"Dókítà kan wà níbẹ̀ ni, Mà?"

Ọ̀gá wa ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ń jowú òun. Ó ní ká pa á rẹ́ nínú fíìmù, ká sì pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n padà wá lóòótọ́. Àmì pupa kún gbogbo ilẹ̀ abẹ́ àga, torí wọ́n ń wá ibi tí omi dà sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í wà létí àga kí ojú èèyàn sinmi.

Ǹjẹ́ Àwòmálèlọ gbà? Ó ní aláìsàn ò mọ ohun tó dáa. Ó ní ká dá bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sáyè rẹ̀, kí òun fúnra òun dé awò, ká lè rí bí ọmọlúàbí ṣe ń wo fíìmù. Ó jókòó, a dè é mọ́ ọn lójú, gbogbo wa sì yí kọ̀ǹpútà ká.

Àmì kìíní bọ́ sójú rẹ̀. Ìkejì bọ́ sí kóòtù rẹ̀. Àdúrà ni mò ń gbà lábẹ́nú. Ìkẹta yí sẹ́yìn, ó sì dúró síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́jọ fi pé. Mátírọ́nù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n lọ tún ètò náà yà bó ṣe tọ́, kí àwa yòókù sì ṣe fíìmù náà, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí nítòsí rẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, Mà."

Ọ̀gá wa ṣí awò kúrò lójú, òógùn bò ó. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rọra bi mí pé:

"Jọ̀ọ́, ó padà ṣubú àbí kò ṣubú?"