Eré Ìlera Mùnírù Onílẹ̀

Ẹni tó bá mọ Ajah nígbà tí iyanrìn ṣì ń gbé mọ́tò mì á mọ Mùnírù. Ọmọ onílẹ̀ ni, ìyẹn ni pé kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa ta ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ni Mùnírù ń wò ní tirẹ̀, bó bá sì ti wò ó tán, ó ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fáàrí gan-an ni àìsàn rẹ̀. Ọjọ́ tó ra Pijó ló búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní kanlẹ̀ mọ́. Mọ́sálásí kọjú sí ilé rẹ̀ débi pé bí ìmáàmù bá sín, ará ilé Mùnírù ló ń kí i pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, mọ́tò ní í gbé e lọ kírun! Dúró, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, á ṣáná sí mọ́tò, á yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti dé. Kí ọ̀gá tó fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àwọn èèyàn ti ń ka tẹ̀sùbáà.

Ó ń fọ́nnu báyìí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan lójú Kàsímù káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni nǹkan bá dì í láyà mú. Gbì! Ó ṣubú lé iwájú mọ́tò, òógùn bò ó.

"Kàsímù, mo ti ń rí bàbá mi!"

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń béèrè ilẹ̀ wọn!"

Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Èkó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un ni. Kó yéé jẹ ẹran ọlọ́ràá, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀.

Bí Mùnírù ṣe dé, ó ti di ẹni tuntun. "Asán layé o," ló ń wí kiri, ṣùgbọ́n inú Pijó ló ti ń wí i. Bó bá dé ilé ẹni tó ń jẹun, á yọ ẹran kúrò nínú àwo onílé, á ní òun ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó tún wá ń fi àìsàn náà ṣe fọ́ńté: "Àìsàn ọkàn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin, ibà ni tiyín."

Dókítà ní kó rìn. "Rírìn kẹ̀? Èmi Mùnírù? Eré ni n ó máa sá!" Ó ra bàtà kámúbáàsì funfun àti ṣòkòtò péńpé funfun kan. Sìlífátù, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí.

"Bàbá Mùínàt, apá kejì ṣòkòtò yìí ńkọ́?"

"Aṣọ ìlera nìyẹn."

"Ìlera náà mà kúrú o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dúró fi mọ́tò gbé e lọ sétí òkun kó lè sáré padà wálé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dúró gan-an kò rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó yí mọ́tò padà.

Mùnírù sáré. Nígbà tó máa fi dé ẹ̀yìn ìlú, ahọ́n rẹ̀ ti jáde, ojú rẹ̀ ti yọ. Tàwàkálítù tó ń fi àdá bó àgbọn níbẹ̀ pariwo: "Bàbá Mùínàt, kí ló dé?"

Ó yẹ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ fáàrí kò gbà. Ó fẹ́ sọ fún un pé láti etí òkun lòun ti sáré bọ̀, kí obìnrin náà lè ya ẹnu. Èémí ò sì sí. Ó nawọ́ sẹ́yìn: "Òkun! Òkun...!" Ó kọjá lọ.

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ta ni ìbá mọ̀ pé dókítà ló ń lé eléyìí? "Yé! Òkun ti ya wọ̀lú o!" Tàwàkálítù fò dìde, tòun tàdá. Kàsímù jáde tòun ti ayùn. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá gbé búúta sá. Ẹnì kan gbé ewúrẹ́ kọ́rùn, ó gbàgbé ìyá rẹ̀ sílé.

Mùnírù gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Àdá! Ayùn! Gbogbo ìlú! Ọkàn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò tún dún gbì. "Wọ́n ti mọ̀!" ló wí, ló bá ki eré mọ́lẹ̀.

"Ẹ wo bó ṣe ń sá!" làwọn tó wà lẹ́yìn ń ké. "Òkun ti fẹ́ẹ́ bá wa o!" Làwọn náà bá túbọ̀ yára.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé etí ọ̀sà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ilẹ̀ tán mọ́ Mùnírù lọ́wọ́. Ó wọ omi dé àyà, ó nawọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ má pa mí! Èmi ni! Ilẹ̀ ìsìnkú wa, èmi ni mo tà á! Èṣù ló ṣe é!"

Ewúrẹ́ nìkan ló ń ké. Kàsímù sọ ayùn sílẹ̀.

"Mùnírù, òkun là ń sá fún. Ilẹ̀ wo lo ní o tà?"

Mùnírù wo ọ̀nà òkun. Iyanrìn gbẹ kanrankanran. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tirẹ̀ bọ́ sómi, kò fọ́, ńṣe ló léfòó tí gbogbo ayé ń wò ó. Ló bá di àyà mú.

"Ọkàn mi o! Ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Sìlífátù wí láàárín èrò. "Ẹ̀rí-ọkàn ni."

Bàbá Àbọ̀, olórí ẹbí wọn, ló dé kẹ́yìn, torí ọ̀pá tí wọ́n ń tẹ̀ kì í sáré. Wọ́n ní kí èrò ṣàlàyé fún àwọn, wọ́n sì gbọ́ ọ tán.

"Ta lo tà á fún?"

"Ará Ẹ̀pẹ́ kan ni, Bàbá. Wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan sí i. Mo máa lọ gbà á padà lónìí."

"Ìwọ lo sọ ọ́."

Ni Dúró bá gbé mọ́tò dé. Mùnírù jáde nínú omi, ṣòkòtò péńpé lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó di ilẹ̀kùn mú. Bàbá Àbọ̀ fi ọ̀pá dá a lọ́nà, wọ́n na ọwọ́ kejì sí Dúró, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀pẹ́ lo ń lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Dókítà ti ní eré dára fún ọ. Ó yá, máa sá lọ."